Ẹ má dá ẹ́ńjìnnì àpààrọ̀ lẹ́bi, ẹ wo ọwọ́ tí ó dè é mọ́ férémù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú àdúrótì àwa tí a ń ka ìwé ní èdè wa. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ àwọn alùpùpù àtijọ́ tí a yọ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá wá kúrò, tí a sì gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn sí wọn nínú. Ní agbègbè wa níbí ní Ìdànrè, títí dé Àkúrẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún pé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà lójú títì mọ́, pé bí kì í bá ṣe ti olè, a jẹ́ pé ti ẹni tí ikú ń pè ni. Èmi kò lè fara mọ́ ọn. Mo ní irú rẹ̀ kan, ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí lọ́wọ́ mi, mo sì ń gùn ún títí di òní. Alùpùpù kan náà yìí ti ṣẹ́ àbúrò mi lẹ́sẹ̀ rí. Nítorí náà, ojú mi ti rí ìhà méjèèjì ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún 1994 ni bàbá mi ra Suzuki AX100. Máṣìnnì ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Òun ni ó fi ń gbé kòkó láti oko wá sílé, òun náà ni ó fi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí àbúrò mi tí mo ń sọ yìí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, 98cc ni, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní two-stroke, tí ó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo bẹntiróòlù, tí èéfín sì máa ń tẹ̀lé lẹ́yìn bí ó bá ń gun òkè. Ó lágbára fún ìwọ̀n rẹ̀, ó sì rọrùn láti tú palẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá wa fi máa papò dà, kránkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí nínú ẹ́ńjìnnì náà, ti ń mì, bíárìn rẹ̀ ti jẹ, a sì ti wá ojúlówó rẹ̀ dé Ìbàdàn láìrí. Ayédèrú tí a rí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ. Férémù ńkọ́? Férémù le koko, kò dípẹtà, kò sì tẹ̀ níbì kankan. Owó alùpùpù tuntun kò ṣeé sún mọ́ fún wa nígbà náà. Lónìí ó ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tí ó ní férémù tí ó le tó bẹ́ẹ̀, tí ó tún jẹ́ ogún bàbá rẹ̀, kí ni kí ó ṣe sí i? Ṣé kí ó tà á fún àwọn tí ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni?

Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé sínú irú férémù bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a mọ̀ sí CG, ó sì yẹ kí àwọn tí ń bú u mọ ibi tí ó ti wá. Honda ni ó gbé CG125 jáde ní ọdún 1976. Àwọn ẹnjiníà wọn ti rí i pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, a kì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, a sì máa ń di ẹrù tí ó kọjá agbára alùpùpù lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí káàmù rẹ̀, irin tí ń ṣí fáàfù (ẹnu ọ̀nà epo àti èéfín), wà lókè, tí ṣéènì kékeré ń yí i, kì í pẹ́ bàjẹ́ bí ọ́ìlì bá ti gbó. Nítorí náà wọ́n padà sí ọ̀nà àtijọ́: wọ́n fi káàmù sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì lo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀ wá. Ihò sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó 56.5 mm, písítìnì ń rin 49.5 mm, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 124cc. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà wò ó ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di 150 àti 200, tí ó fi jẹ́ pé lónìí, ó wà nínú alùpùpù, ó wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń kó ẹrù. Kò sí abúlé tí mo mọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí a kò ti lè rí ríìnì tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì CG rà. A ṣe ẹ́ńjìnnì náà fún irú ìyà tí àwa fi ń jẹ alùpùpù, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ ẹ.

Ibi tí aburú ti wọlé ni ọ̀nà tí a gbà gbé e sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ́kọ́ ṣe tiwa. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ti wá tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ìyá wa, ó sì ti yí ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Láàárọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó wọ̀ ó ti parí, inú wa sì dùn pé iṣẹ́ yá. Ó gbé férémù lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, wọ́n fi ojú wọn ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò jókòó sí, wọ́n sì jó irin ágọ́ọ̀lù méjì mọ́ ara páìpù férémù. Kò sí ẹni tí ó fi okùn wọn ohunkóhun. Ẹ́ńjìnnì náà tẹ̀ sí òsì díẹ̀, kò ju ìdajì ìbú ọmọ ìka lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ti tó láti mú kí ṣéènì máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, irin eléyín tí ó fi sí táyà ẹ̀yìn wá láti ara alùpùpù kékeré tí ń lo ṣéènì 420, nígbà tí ṣéènì tí ó gbé lé e jẹ́ 428. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni kò ka èyí sí, nítorí pé ṣéènì méjèèjì dọ́gba ní gígùn ojú kọ̀ọ̀kan, 12.7 mm, wọ́n sì dà bí ẹni pé wọ́n ń wọ eyín kan náà láìjà. Ìbú wọn ni kò dọ́gba. Inú ṣéènì 420 fẹ̀ tó 6.35 mm, ti 428 sì tó 7.94 mm, tí ó fi jẹ́ pé lórí eyín tín-ín-rín ti 420, ṣéènì 428 á máa jó sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá fi èyí kún ẹ́ńjìnnì tí kò jókòó gúnrégé.

Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, àbúrò mi gbé àpò kòkó gbígbẹ kan láti oko, ó ń bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ṣéènì fò kúrò lórí eyín iwájú, ó ká jọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, táyà ẹ̀yìn sì dúró gbọnin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fa bíréèkì iwájú, ṣùgbọ́n bíréèkì tí bàbá wa ń lò fún 98cc ni, bàtà bíréèkì náà sì ti jẹ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ ní ibi méjì. Nígbà tí a gbé alùpùpù náà sókè, mo rí ohun kan tí ó dùn mí ju ìṣubú náà lọ: ojú ibi tí wọ́n jó ti là, inú ibi tí ó là náà sì ti dípẹtà. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọjọ́ náà ni ó là. Ó ti ń là láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi sì ń gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lójoojúmọ́, ó ń gbé ọmọ mi lọ sílé ìwé lórí rẹ̀.

Bàbá àgbà mẹkáníìkì kan ní Àkúrẹ́ ni ó tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo gbé férémù náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò pa ojú jíjó náà, ó sì bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ni ó fi iná kan férémù yìí?" Ó ṣàlàyé fún mi pé bí páìpù bá ti gba iná wẹ́dà, ibi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó náà máa ń gan, kò ní lè fà kí ó sì padà bíi tàtijọ́ mọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ń gbọ̀n lórí rẹ̀ láràárọ̀ lálaalẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó ní kì í ṣe férémù ni a ó dá lóró nítorí ẹ́ńjìnnì, pèlétì, irin pẹlẹbẹ, ni yóò bá àwọn méjèèjì làjà. Mo ti sọ gbólóhùn yẹn fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà, nítorí òun ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nínú lẹ́tà yìí.

Ohun tí ó ṣe nìyí. Ó lọ irin ágọ́ọ̀lù méjèèjì kúrò, ó ti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ibi tí ó là, ó sì mú wẹ́dà tí ó fọkàn tán jó ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí kò jẹ́ kí iná kan férémù náà mọ́. Ó gbé táyà ẹ̀yìn sípò, ó wọ̀n ọ́n kí ó lè dúró ṣánṣán, ó fi òkúta àti pákó gbé ẹ́ńjìnnì sókè sí àárín férémù, ó sì na irin gígùn títọ́ kan láti ara irin eléyín ẹ̀yìn dé ti iwájú. Ó ń sún ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀ títí irin náà fi fara kan méjèèjì láìsí àlàfo. Nígbà náà ni ó tó gé páálí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò tí Suzuki ti lu sí férémù láti ilé iṣẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò ara ẹ́ńjìnnì, páálí náà sì di àwòrán ohun tí ó fẹ́ gé. Irin pẹlẹbẹ tí ó nípọn tó 6 mm ni ó fi gé e, mẹ́rin ni, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, bóòtì ni ó sì fi de gbogbo rẹ̀, kò fi iná jó ọ̀kankan. Ó sọ fún mi pé bí ẹ́ńjìnnì yìí bá kú lọ́la, kí n tú bóòtì, kí n gé pèlétì mìíràn, férémù bàbá mi yóò ṣì wà bí ó ṣe wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ náà gbà á.

Ó tún kíyè sí ohun kan tí ẹni àkọ́kọ́ kò rò rárá. Orí ẹ́ńjìnnì CG ga, bí a bá sì gbé e sókè jù, ìdérí rẹ̀ á kan abẹ́ férémù. Ó gbọ́dọ̀ ku àyè tí ìdérí náà lè gbà jáde, nítorí a ní láti máa yẹ àlàfo fáàfù wò, 0.08 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, bí ó bá sì jẹ́ pé a ní láti sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí a tó lè ṣe é, kò sí ẹni tí yóò ṣe é láéláé.

Ti iná rọrùn láti sọ: ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́ ń lo fólítì 6, ẹ́ńjìnnì tuntun sì ń mú 12 wá, nítorí náà gílóòbù, bátìrì àti ẹ̀rọ tí ń darí àgbájọ iná ní láti tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì, CDI, àpótí kékeré tí ń darí ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ó bá kọ́ìlì inú máginẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mu. Kábúrétọ̀ àti sílẹ́ńsà two-stroke kò wúlò fún un, kí a gbé ti ẹ́ńjìnnì náà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, nítorí àṣà àtijọ́ kì í tètè fi ènìyàn sílẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún gun two-stroke mọ̀ pé bí ọ́ìlì bá ti wà pẹ̀lú epo, ìṣòro ti tán. CG kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tirẹ̀ wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, bíi lítà kan péré, òun kan náà ni ó ń sin kránkì, gíà àti fáàfù, bí ó bá sì lọ sílẹ̀, kò sí ohun tí yóò kìlọ̀ fún ọ ju ariwo lọ. Mo mọ àgbẹ̀ kan tí ó ń da ọ́ìlì sínú táǹkì epo fún oṣù méjì lẹ́yìn tí ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí kò sì yọ ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì náà gan mọ́ ọn lábẹ́.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́kadà tí ń ka èyí gbọ́ dáadáa. Ẹni tí ó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan kò fi ìdajì péré ju ẹni tí ó ń sá 40 lọ lójú bíréèkì. Agbára tí bíréèkì ní láti pa kí ó tó dúró ju ìlọ́po méjì lọ, 2.25 ni ìṣirò rẹ̀ bí ẹrù bá dọ́gba. Bí a bá ti gbé ẹ́ńjìnnì tí ó lágbára jù sínú férémù, a ti sọ fún ẹni tí ń gùn ún pé kí ó máa sáré jù, bí a sì fi bíréèkì sílẹ̀ bí ó ti wà, a ti dẹ pàkúté fún un. Bàbá tí mo ń sọ yìí kọ̀ láti gbé alùpùpù náà fún mi títí mo fi ra họ́ọ̀bù iwájú tí ó tóbi, tí ó wá láti ara alùpùpù 125, pẹ̀lú bàtà bíréèkì tuntun àti wáyà tuntun. Mo ṣàròyé nípa owó rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sì wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Àwọn tí ń sọ pé iṣẹ́ àwọn tálákà ni pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìran kan wà tí wọ́n fi iṣẹ́ yìí yangàn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ń mú ẹ́ńjìnnì alùpùpù Triumph, wọ́n ń gbé e sínú férémù alùpùpù Norton tí wọ́n ń pè ní Featherbed, èyí tí Rex McCandless, ará Belfast, ṣe, wọ́n sì pe ọmọ tí ó jáde láti inú méjèèjì ní Triton. Norton kì í ta ẹ́ńjìnnì ìdíje wọn lọ́tọ̀ fún àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré 500cc díje, nítorí náà àwọn yẹn ń ra odindi alùpùpù, wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, férémù tí ó dára jù lọ nígbà náà sì ń ṣẹ́ kù sílẹ̀. Pèlétì tí a fi bóòtì dè ni àwọn náà fi ń so ẹ́ńjìnnì Triumph mọ́ ọn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó gbé London rí, ojú bàbá mẹkáníìkì Àkúrẹ́ ni mo rí, tí ó ń gé páálí lórí ìtẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo gbà pé àwọn tí ń bínú ní ẹ̀tọ́ níbì kan. Mo ti rí ẹ́ńjìnnì 200 tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, tí wọ́n gbé sínú férémù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún 100, kí ọmọdé lè máa fi sáré. Ìyẹn kò ní àwíjàre lọ́dọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ olè: òótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì alùpùpù tí wọ́n jí lè gba ọ̀nà yìí wọ ọjà, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kì í kọ rìsíìtì.

Nọ́ńbà méjì ni ó wà nínú ìwé alùpùpù, ti ṣáṣí, ìyẹn férémù, àti ti ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ wa ti parí, wọ́n dá mi dúró lójú ọ̀nà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kò bá ìwé mu, wọ́n sì gba alùpùpù náà fún ọjọ́ márùn-ún. N kò bínú sí ẹni tí ó dá mi dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ohun tí ó dùn mí ni pé nígbà tí mo lọ láti tún ìwé náà ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí a tó rí ẹni tí ó mọ ohun tí a ó ṣe sí i, ọ̀kan nínú wọn sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n wá ẹni tí yóò lu nọ́ńbà àtijọ́ sí ara ẹ́ńjìnnì tuntun. Ọ̀nà olè gan-an ni ó ń fi hàn mí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì alùpùpù ní ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé rìsíìtì kan tí yóò gba nọ́ńbà férémù, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, orúkọ ẹni tí ó tà á àti ìfọwọ́sí ẹni tí ó gbé e sí i. Kí àwọn tí ń ṣe ìwé ọkọ̀ gba rìsíìtì náà, kí wọ́n wo bíréèkì àti ojú ìdè ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì yí nọ́ńbà padà lójú ẹsẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gún. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé iná ni wọ́n fi jó ìdè ẹ́ńjìnnì mọ́ páìpù rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é. Bí wọ́n bá fi òfin dí gbogbo rẹ̀ pa, àwọn èwe tí ń fi 200 sáré kò ní gbọ́, àwọn àgbẹ̀ tí ń bọ̀wọ̀ fún òfin nìkan ni yóò gbé férémù tí ó dára sọnù.

Àbúrò mi ti ń rìn dáadáa. Ó tún ti ń gun alùpùpù náà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fi sípánà yẹ bóòtì pèlétì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Páálí tí bàbá Àkúrẹ́ fi gé wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti yà á sórí pákó kí ó má baà bàjẹ́, mẹkáníìkì méjì ní Ìdànrè sì ti wá yá a lò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Àgbẹ̀ kòkó kan,
Ìdànrè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.